Bí a ṣe ń dá wa ọkọ̀ lọ sórí òkè Shenandoah, kí a sì sọ̀ kalẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí a ń gbé ní Bowie, Lanham, Hyattsville tàbí Baltimore, ní ìpínlẹ̀ Maryland, ni a ti gbèrò rí láti dá lọ wo àwọn òkè Appalachia fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí ojú sinmi kúrò lára iṣẹ́ òru àti sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà 495 tó yí ìlú Washington ká. Ohun tó máa ń ba ìrìn àjò náà jẹ́ kì í sábà jẹ́ ọkọ̀ tàbí òkè, aago ni. Ènìyàn á kúrò nílé ní aago 11, á dé Front Royal, ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, lẹ́yìn aago 1 ọ̀sán, á fẹ́ rin gbogbo máìlì 105 tí Skyline Drive, ọ̀nà orí òkè náà, jẹ́ tán, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ ọn lókè, níbi tí kò sí iná ojú pópó, tí fóònù kò mú ìlà, tí àgbọ̀nrín sì ń sọdá láìròtẹ́lẹ̀. Ẹni tó gbé ẹlòmíràn jókòó ṣì lè rí ẹni bá a wo ọ̀nà; ẹni tó dá lọ kò ní olùrànlọ́wọ́. Nítorí náà, ohun kan ni gbogbo ìtọ́sọ́nà yìí rọ̀ mọ́: wákàtí ìyípadà, ìyẹn aago tí ẹ ti pinnu láti ilé pé ẹ ó yí orí ọkọ̀ padà, ibi yòówù kí ẹ dé.

Ọ̀nà tí mo ń júwe wọlé sí ọgbà Shenandoah National Park, ní ìpínlẹ̀ Virginia, láti ibodè Front Royal. Ó tọ góńgó òkè lọ sí Big Meadows, ibi ìsinmi tó wà ní máìlì 51 láti ibodè náà, ó padà sẹ́yìn sí ibodè Thornton Gap ní máìlì 31.5, ó sì sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀. Ẹ fi ìhà gúúsù tó kù sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Kò sí ẹni tó ń fún ni ní ẹ̀bùn nítorí pé ó rin gbogbo rẹ̀ tán lọ́jọ́ kan.

Àwọn ohun tí ẹ nílò

- Ìwé àṣẹ ìwakọ̀, ìwé ọkọ̀ àti ìwé adójútòfò rẹ̀.
- Káàdì báńkì fún owó ìwọlé. 30 dọ́là ni fún ọkọ̀ kan, ọjọ́ 7 ni rìsíìtì rẹ̀ sì fi ń ṣiṣẹ́.
- Táyà àfikún àti jáàkì. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tuntun ni kò ní táyà àfikún mọ́, ẹ̀rọ ìfẹ́táyà kékeré ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ẹ ṣí búùtù yín wò kí ẹ tó sọ pé ẹ ní.
- Omi tó pọ̀ ju èyí tí ẹ rò pé ẹ ó mu, àti oúnjẹ tí kò ní kí a gbé e kaná. Bí ó bá jẹ́ jọ̀lọ́ọ̀fù ni, kúlà tó ń dé dáadáa ni kí ẹ gbé e sí, nítorí àwọn béárì.
- Bàtà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ń di ilẹ̀ mú. Sálúbàtà kò gba orí òkúta.
- Ẹ̀wù òtútù àti ẹ̀wù òjò, kódà nínú oṣù July, nítorí orí òkè máa ń tutù ju àfonífojì lọ ní nǹkan bíi dígírì 10 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit.
- Tọ́ọ̀ṣì, báńkì iná fún fóònù, àti wáyà rẹ̀.
- Bébà kan àti bírò.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ ka aago láti ẹ̀yìn wá

Kí ẹ tó ronú nípa aago tí ẹ ó kúrò nílé, ẹ kọ́kọ́ mọ aago tí oòrùn máa wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ní àárín oṣù October, oòrùn máa ń wọ̀ ní nǹkan bí aago 6 ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ní agbègbè yìí. Nínú oṣù December, kí aago 5 tó lù ló ti wọ̀. Ẹ yọ wákàtí 1 kúrò: aago tí ẹ gbọ́dọ̀ ti jáde kúrò nínú ọgbà nìyẹn. Fún October, aago 5 ààbọ̀ ni.

Ní báyìí, láti Big Meadows sí Thornton Gap jẹ́ máìlì 19 ààbọ̀. Bí ẹ bá ń rìn ní 35 máìlì ní wákàtí kan, tí òfin kò jẹ́ kí ẹ kọjá lójú ọ̀nà náà, yóò gbà yín ní ìṣẹ́jú bíi 35, ṣùgbọ́n nítorí àwọn kọ́nà àti àwọn tó ń rọra wa ọkọ̀ kí wọ́n lè wo igi, ẹ kà á sí wákàtí 1. Ẹ tún yọ ìdajì wákàtí fún kùrukùru. Ó kù aago 4 gan-an: wákàtí ìyípadà yín fún October nìyẹn. Ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ iwájú yín lórí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ wá kà á síwájú. Bowie sí Front Royal jẹ́ nǹkan bíi máìlì 90, ó sì ń gba wákàtí 2 bí ọ̀nà bá dá. Láti ibodè sí Big Meadows, bí ẹ bá ń dúró wòran, ẹ fún un ní wákàtí 3, kí ẹ fi wákàtí 1 fún fífi ẹsẹ̀ rìn, àti wákàtí 1 fún oúnjẹ àti ìsinmi. Èyí fi hàn pé ẹni tí kò bá tíì wọ ibodè ní aago 11 àárọ̀ ti pẹ́ ju. Èmi a máa kúrò nílé ní aago 6, nítorí ìlà ọkọ̀ ní ẹnu ibodè.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù níbí ni yíyan ọjọ́ Àbámẹ́ta nínú oṣù October, nígbà tí ewé bá ti di pupa àti àwọ̀ òféèfèé, tí gbogbo ènìyàn ìlú Washington sì ń bọ̀ wá wò ó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ bá fún un ní ìsinmi láàárín ọ̀sẹ̀, bí ó ti rí fún ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa, ó ní àǹfààní ńlá: ẹ lo Ọjọ́rú tàbí Ọjọ́bọ̀. Láti àárín oṣù November títí di ìbẹ̀rẹ̀ January, wọ́n máa ń ti apá kan ọ̀nà náà pa lálẹ́ nítorí àwọn ọdẹ, bẹ́ẹ̀ ni yìnyín lè mú kí wọ́n tì í pa nígbàkigbà. Ẹ wo ojú ìwé ọgbà náà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ ń lọ gan-an, ti ọjọ́ tó ṣáájú kò tó.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: bí ẹnì kan bá jí yín lójú oorun, tó sì bi yín ní wákàtí ìyípadà yín, ṣé ẹ lè dá a lóhùn láìwo bébà? Bí ẹ kò bá lè ṣe é, ẹ kò tíì pinnu.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ yẹ ọkọ̀ wò ní ọjọ́ tó ṣáájú

Ẹ wọn afẹ́fẹ́ táyà nígbà tí ọkọ̀ kò tíì rìn, kí ẹ sì fi wé nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí ara férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kì í ṣe èyí tí wọ́n kọ sára táyà fúnra rẹ̀. Ẹ wo omi rédíétọ̀, wáípà, àti gbogbo iná ọkọ̀.

Bíréèkì ni kí ẹ fi ara balẹ̀ sí jù. Ẹ wa ọkọ̀ jáde ní àdúgbò, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Bí ó bá ń han, tí ó bá ń rì wọlé, tàbí tí ìdarí ọkọ̀ ń gbọ̀n nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ẹ sún ìrìn àjò náà síwájú, kí ẹ gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Lẹ́yìn náà, ẹ wá ibi tí jíà kékeré wà nínú ọkọ̀ yín. Nínú ọkọ̀ mìíràn, lẹ́tà L ni. Nínú òmíràn, nọ́ńbà 2 tàbí 3 ni, tàbí àmì ìyọkúrò tí a ń fà sẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ tó ń lo epo pẹ̀lú bátìrì, ó lè jẹ́ B. Ẹ lò ó lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan nítòsí ilé, nítorí orí òkè kì í ṣe ibi tí a ti ń kọ́ ọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: nígbà tí ẹ bá wọ jíà kékeré lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ẹ gbọ́dọ̀ gbọ́ kí ohùn ẹ́ńjìnì lọ sókè, kí ẹ sì rí i pé ọkọ̀ ń dẹ̀ láìtẹ bíréèkì.

Ìgbésẹ̀ 3: Ẹ fi ìrìn yín lé ẹnì kan lọ́wọ́

Ẹni kan ṣoṣo tó máa ń gbé fóònù ni kí ẹ sọ fún, ẹ má ṣe gbé e sínú ẹgbẹ́ WhatsApp níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti rò pé ẹlòmíràn ń bójú tó o. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún un, báyìí:

«Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń dá lọ sí òkè Shenandoah lọ́la. Ibodè Front Royal ni mo máa gbà wọlé, Thornton Gap ni mo máa gbà jáde. N kò ní kọjá Big Meadows. Aago 4 ni mo máa yí padà. Bí ẹ kò bá gbọ́ ohùn mi títí di aago 8 alẹ́, ẹ jọ̀wọ́ ẹ pe àwọn ẹ̀ṣọ́ ọgbà lórí 1-800-732-0911, kí ẹ fún wọn ní nọ́ńbà ọkọ̀ mi àti àwọ̀ rẹ̀ tí mo kọ sísàlẹ̀ yìí.»

Ẹ ṣàlàyé fún un pé fóònù yín kò ní mú ìlà fún ọ̀pọ̀ wákàtí lókè, kí ó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í pe gbogbo ẹbí ní aago 2 ọ̀sán. Mo ti rí ibi tí ìyá ẹnì kan ní Ìbàdàn kò sùn mọ́jú nítorí pé fóònù ọmọ rẹ̀ ń sọ pé kò sí lórí ìlà, nígbà tí ọmọ náà ń jẹun ní àlàáfíà lábẹ́ igi.

Kí ẹ tó sùn, ẹ gba máàpù gbogbo agbègbè náà sílẹ̀ sórí fóònù láti Google Maps. Ẹ ṣọ́ra níbí: ẹ má ṣe tẹ orúkọ ọgbà náà nìkan sínú máàpù, nítorí ó lè mú yín lọ sí àárín igbó tàbí sí ọ̀nà ẹ̀yìn abúlé kan tí kò wọ Skyline Drive rárá. Ibodè àríwá tó wà ní Front Royal gan-an ni kí ẹ tẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ pa dátà, kí ẹ sì ṣí máàpù náà. Bí ọ̀nà láti Front Royal dé Big Meadows bá hàn kedere, ó ti wọlé.

Ìgbésẹ̀ 4: Láti ilé dé ẹsẹ̀ òkè

Yálà afárá Woodrow Wilson ni ẹ gbà tàbí afárá American Legion, ọ̀nà 66 sí ìwọ̀-oòrùn ni ẹ ó bọ́ sí láti 495. Láti ibẹ̀ títí dé Gainesville, ọ̀nà olówó tí wọ́n ń pè ní Express Lanes wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ọ̀fẹ́. Ẹni tó dá wà nínú ọkọ̀ yóò sanwó níbẹ̀ nípasẹ̀ E-ZPass, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú ọkọ̀ tí a fi ń san owó ọ̀nà, iye owó náà sì máa ń yí padà bí ọkọ̀ bá ṣe pọ̀ sí. Ibi tí ènìyàn ti ń ṣìnà wọ ọ̀nà olówó ni ìkóríta 495 àti 66, nígbà tí àmì pọ̀ jù lójú kan. Ẹ ka àmì dáadáa, kí ẹ má sì yà lójijì.

Ẹ rántí pé Virginia kì í ṣe Maryland. Ẹni tó bá sáré kọjá 85 máìlì ní wákàtí kan, tàbí tó fi 20 máìlì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kọjá ìwọ̀n tí òfin gbé kalẹ̀, ẹ̀sùn ọ̀daràn ni wọ́n ń fi kàn án, kì í ṣe ìtanràn lásán. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ ṣì wà lórí tábìlì ìjọba. Òfin tún de gbígbé fóònù lọ́wọ́ nígbà tí a bá ń wakọ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọn kò gba ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ rédà ọlọ́pàá láàyè níbẹ̀.

Ẹ yà ní ẹnu ọ̀nà àbájáde 6, kí ẹ tẹ̀lé ọ̀nà 340 wọ ìlú Front Royal. Ẹ ra epo kún táǹkì níbẹ̀. Big Meadows nìkan ni wọ́n ti ń ta epo nínú ọgbà, ìgbà mìíràn sì wà tí ibẹ̀ máa ń wà ní títì. Ẹ má ṣe fi ẹ̀mí ìrìn àjò yín lé e lọ́wọ́. Ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí Àǹtí yín pé ẹ ti fẹ́ wọlé, nítorí èyí lè jẹ́ ìlà tó kẹ́yìn.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: táǹkì kún, àtẹ̀jíṣẹ́ ti lọ, ẹ ti gba rìsíìtì àti máàpù oníwèé lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́ ẹnu ibodè, aago 11 kò sì tíì lù.

Ìgbésẹ̀ 5: Wíwakọ̀ lórí góńgó òkè

Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba Erin-Ìjẹ̀ṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè mọ ohun tí ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ lórí òkè ń ṣe fún ọwọ́ àti ojú. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé kò sí ọkọ̀ akẹ́rù tó ń tì yín lẹ́yìn níhìn-ín, ọ̀nà náà sì dán, èyí tó lè mú kí ènìyàn gbàgbé ara rẹ̀.

Ẹ máa wo àwọn òpó máìlì kéékèèké tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún yín bí ẹ bá ń lọ sí gúúsù. Àwọn ni àdírẹ́sì yín. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, nọ́ńbà òpó náà ni ẹ̀ṣọ́ máa kọ́kọ́ béèrè, nítorí náà, ẹ fi í kọ́ra láti mọ èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá.

Ibi ìwòran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 70. Àwọn tó wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, sí àfonífojì Shenandoah àti òkè Massanutten tó dùbúlẹ̀ gbọọrọ láàárín rẹ̀. Àwọn tó wà lọ́wọ́ òsì kọjú sí ìlà-oòrùn, sí ọ̀nà tí ẹ gbà wá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ dúró sí ti ọwọ́ ọ̀tún nìkan nígbà àlọ, kí ẹ má baà máa já ọ̀nà kọjá níwájú ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti inú kọ́nà; nígbà àbọ̀, ti ìlà-oòrùn á ti di ọwọ́ ọ̀tún yín. Mo fẹ́ràn ti ìlà-oòrùn lọ́sàn-án ju bí mo ṣe lè sọ lọ: oòrùn wà lẹ́yìn yín, àwọn òkè sì ń tò tẹ̀lé ara wọn, àwọ̀ aró ń fẹ́lẹ́ síi títí tí ẹ kò fi ní mọ ibi tí òkè parí sí tí ojú ọ̀run bẹ̀rẹ̀.

Àṣìṣe tó léwu jù fún ẹni tó dá wà ni wíwòran nígbà tí ọwọ́ wà lórí ìdarí. Ẹ dúró, kí ẹ wò ó tẹ́rùn, kí ẹ sì padà sẹ́nu ìwakọ̀. Bí ọkọ̀ bá tò sẹ́yìn yín, ẹ yà sí ibi ìwòran tó kàn kí wọ́n kọjá.

Ọ̀rọ̀ kùrukùru ni mo fẹ́ tẹnu mọ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dá lọ, n kò fi wákàtí ìyípadà sí. Ní ìrọ̀lẹ́, ìkùukùu wọ́ bo ọ̀nà ní nǹkan bíi máìlì 44, n kò sì rí ju ìlà funfun tó wà níwájú táyà mi lọ. Mo tan iná gíga, ó sì burú síi, nítorí ńṣe ni ìmọ́lẹ̀ náà ń padà sójú mi. Ohun tó yẹ kí n ṣe ni pé kí n lo iná kékeré, kí n dín eré kù débi tí mo ti lè dúró láàárín ibi tí ojú mi tó, kí n máa fi ìlà ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún darí ara mi, kí n sì yà sí ibi ìwòran bí kò bá ṣeé ṣe mọ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sójú ọ̀nà nínú kùrukùru.

Ní máìlì 32.2, ẹ ó wọ ihò tí wọ́n gbẹ́ gba inú àpáta Mary's Rock. Ẹ tan iná kí ẹ tó wọ̀ ọ́, kí ẹ sì fi ibẹ̀ sọ́kàn, nítorí ó ní iṣẹ́ tó máa ṣe fún yín nígbà àbọ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní ibi ìwòran kọ̀ọ̀kan, ẹ bi ara yín ní nọ́ńbà òpó máìlì tó kẹ́yìn àti iye wákàtí tó kù di aago 4.

Ìgbésẹ̀ 6: Ìrìn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo

Òkè Stony Man ni mo yàn fún ẹni tó dá lọ. Ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ wà ní ẹnu ọ̀nà àríwá Skyland, ilé ìtura kan nínú ọgbà náà, ní máìlì 41.7. Àlọ àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ máìlì 1.6, gígùn rẹ̀ sókè kò ju 340 ẹsẹ̀ bàtà lọ, síbẹ̀ orí rẹ̀ ga tó 4,011 ẹsẹ̀ bàtà, ẹ ó sì rí gbogbo àfonífojì náà kedere. Ènìyàn máa ń wà níbẹ̀ nígbà gbogbo, èyí tó dára fún ẹni tí kò ní ẹnìkejì. Ẹ jìnnà sí etí àpáta.

Ọ̀sọọ̀rọ̀ omi Dark Hollow, ní máìlì 50.7, ló ń tan ọ̀pọ̀ jẹ. Ó kúrú, máìlì 1.4 péré ni, ṣùgbọ́n ìsọ̀kalẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀, gígùn 440 ẹsẹ̀ bàtà ló sì fi parí nígbà tí ó ti rẹ̀ yín, àwọn òkúta rẹ̀ sì máa ń tutù, wọ́n sì ń yọ̀. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ kò bá dá ṣáṣá kí ó fi í sílẹ̀. Ní ti òkè Old Rag tí gbogbo ènìyàn ń sọ, kò sí lójú Skyline Drive rárá, tíkẹ́ẹ̀tì ọ̀tọ̀ ni a ń gbà fún un láti March sí November, gbogbo ọjọ́ kan ló sì ń gbà. Ẹ má ṣe dá a gùn.

Bí ẹ bá rí béárì, ẹ dúró, ẹ má sáré, ẹ sọ̀rọ̀ sókè, kí ẹ máa fi ẹ̀yìn rìn díẹ̀díẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ẹ kò gbọdọ̀ fún ẹranko kankan ní oúnjẹ. Ẹ máa wo ibi tí ẹ ń gbé ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lé lórí òkúta, nítorí ejò olóró wà níbẹ̀.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ padà dé ọkọ̀, omi ṣì kù nínú ìgò, kọ́kọ́rọ́ àti fóònù sì wà lápò. Ẹ jẹun ní Big Meadows, kí ẹ sinmi níbẹ̀ títí di aago 4, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 7: Ìyípadà àti ìsọ̀kalẹ̀

Aago 4 ti lù. Bí ẹ kò bá tíì dé Big Meadows, ẹ yí padà níbi tí ẹ bá wà, nínú ibi ìwòran, kì í ṣe lójú ọ̀nà.

Ẹ padà sí àríwá. Nígbà tí ẹ bá jáde nínú ihò Mary's Rock, kò tó máìlì 1 mọ́ tí ẹ ó fi dé Thornton Gap. Ihò náà ni àmì tí yóò jẹ́ kí ẹ dín eré kù, kí ẹ má baà kọjá ẹnu ọ̀nà àbájáde yín. Ẹ jáde sí ọ̀nà 211, kí ẹ sì kọjú sí ìlà-oòrùn, sí Sperryville. Ẹni tó bá yà sí ìwọ̀-oòrùn yóò bá ara rẹ̀ ní Luray, ní ẹ̀yìn òkè, ilé á sì jìnnà síi.

Ìsọ̀kalẹ̀ yìí ló ní kọ́nà tó le jù lọ ní gbogbo ọjọ́ náà. Bí ẹ bá gbé ẹsẹ̀ lé bíréèkì láti òkè dé ilẹ̀, yóò gbóná, omi inú rẹ̀ lè hó, pẹ́dàlì á sì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ní ibi tí ẹ ti nílò rẹ̀ jù. Ẹ wọ jíà kékeré kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ṣáájú kọ́nà kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn. Bí òórùn bí ìgbà tí nǹkan ń jóná bá wọ ọkọ̀, ẹ wá ibi tó tẹ́jú, ẹ yà, kí ẹ sì dúró fún ìdajì wákàtí. Ẹ má ṣe da omi sí i.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ní Sperryville, pẹ́dàlì bíréèkì ṣì le lábẹ́ ẹsẹ̀ bí ó ti wà láàárọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ṣì wà lójú ọ̀run.

Ìgbésẹ̀ 8: Láti ìsàlẹ̀ dé ilé

Ọ̀nà 211 yóò mú yín dé Warrenton, 29 yóò gbé yín dé Gainesville, ẹ ó sì bá 66 níbẹ̀. Oorun ni ọ̀tá yín nísinsìnyí. Ẹ dúró ní Warrenton, kí ẹ rìn yí ọkọ̀ ká, kí ẹ mu nǹkan, kí ẹ sì pe Àǹtí yín láti ibẹ̀ pé ẹ ti kúrò lórí òkè. Ẹ ní wákàtí kan àti díẹ̀ síi níwájú, ó sì lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ bí ọ̀nà bá kún.

Nílé, kí ẹ tó jókòó, ẹ bọ́ gbogbo aṣọ, kí ẹ wo ẹ̀yìn orúnkún, abíyá, ìbàdí àti àárín irun fún eégbọn, nítorí ó ń gbé àìsàn Lyme kiri ní agbègbè yìí. Ẹ fi ohun ẹnu ṣóńṣó tí a fi ń fa irun yọ èyí tó bá ti gé yín jẹ, kí ẹ dì í mú nítòsí awọ ara, kí ẹ sì fà á tààrà láìlọ́ ọ.

Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: aago 8 kò tíì lù, Àǹtí yín sì ti gbọ́ ohùn yín lẹ́ẹ̀kejì, láti inú ilé.